Ilẹ̀ Títẹ́ àti Kíka Iye Ọ̀nà Rẹ̀: Láti Ilẹ̀ Àpáàdì Ifẹ̀ dé Oko Ọ̀pẹ Pobè

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, wọ́n ń tẹ́ kárò sí ilẹ̀ yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì wa, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Kárò náà kì í ṣe olójú mẹ́rin ọgbọọgba. Òòró rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ dúró ti òṣìṣẹ́ náà ní àkókò ìsinmi. Nígbà tí ó padà wọlé, ó béèrè pé: "Ọ̀gá, ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà to kárò yẹn tí yàrá náà yóò fi kún, láì gé ọ̀kankan?" Kí a tó la ẹnu, ọmọbìnrin kan ti dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé ìṣirò àwọn Faransé ni irú ìyẹn, kí ó lọ wá a sínú ìwé Faransé. Nígbà tí a ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún bàbá àgbàlagbà kan ní Ahoyéyé, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Tíṣà, kò sí ohun tí ẹ ń wá kiri tí kò sí nínú Ifá."

Ìdáhùn méjèèjì yìí ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. A kò gbà pé ọ̀kan nínú wọn tọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbà pé ọ̀kan nínú wọn ṣófo pátápátá. Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti ka iye ọ̀nà tí a lè gbà tẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ìtàn gígùn. Ó gba ilẹ̀ Íńdíà kọjá, ó gba Àlùjẹ́ríà, ó gba Họ́láńdì, ó sì ní ibi tí ó ti kan oko ọ̀pẹ tiwa ní Pobè níhìn-ín. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ ilẹ̀ tí a ṣì lè fojú rí.

Ẹni tí ó bá walẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lè ṣalábàápàdé ilẹ̀ mìíràn lábẹ́ èyí tí a ń tẹ̀ lónìí: ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Àwọn ará ìgbàanì kó àpáàdì ìkòkò jọ, wọ́n tò ó ní ìdúró, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ títí ó fi ku etí rẹ̀ nìkan lókè. Ní ibi púpọ̀, ìlà kan dà sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀lé e dà sí òsì, gẹ́gẹ́ bí ewé imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ya sí apá méjì ọpá rẹ̀. Ní ibòmíràn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín rẹ̀. Frank Willett wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957 sí 1958. Peter Garlake rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ọdún 2015 sì ni Adisa Ogunfolakan, ọmọ Nàìjíríà, àti Gérard Chouin, ọmọ Faransé, ti padà sí Ìta Yemòó láti tún un wò. Àwọn onímọ̀ fi púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí sí àárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Ìtàn ẹnu Ifẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé obìnrin kan tí ó jọba, Ọọ̀ni Lúwo, ni ó pàṣẹ pé kí a tẹ́ àpáàdì sí ojú ọ̀nà ìlú. Irú ilẹ̀ yìí kò sì mọ sí Ifẹ̀. A rí i ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò pẹ̀lú.

Kí ni ilẹ̀ àpáàdì yìí fi hàn? Ó fi hàn pé ẹni tí ó tò ó yan ọ̀nà kan, ó sì dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó yan ọ̀nà kan mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà kọ́ ni mímọ iye tí wọ́n jẹ́, kò sì sí ohun kankan nínú àpáàdì náà tí ó sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀ béèrè iye wọn. A kọ ọ́ báyìí nítorí pé a ti gbọ́ níbi àpérò pé ilẹ̀ Ifẹ̀ fi hàn pé àwọn baba wa mọ gbogbo ìṣirò òde òní. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí ni èyí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sì nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ti Ahoyéyé ní ìdí tí ó lágbára ju èyí lọ. Nínú Ifá, a ka ọ̀nà ní tòótọ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Èkínní ní ọ̀nà méjì. Bí a bá fi èkejì kún un, ó di mẹ́rin. Ẹ̀kẹta sọ ọ́ di mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí tí yóò fi pé igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, 256. Ojú odù mẹ́rìndínlógún wà nínú rẹ̀, àmúlù 240 sì ni ìyókù. Babaláwo kò ní láti máa ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ títí di alẹ́ kí ó tó mọ̀ pé kò sí odù kan tí ó kù sẹ́yìn. Kíka ohun gbogbo tí ó lè ṣẹlẹ̀, láì dúró kí ó ṣẹlẹ̀: ọkàn ẹ̀ka ìṣirò tí a ń sọ nípa rẹ̀ gan-an nìyí, ó sì ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà, òun ni ó sì fa gbogbo ìtàn tí ó kù. Ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan kì í gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ èkejì kí ó tó ṣí. Nítorí náà, ìlọ́po nìkan tó. Kárò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fi ọ̀kan dùbúlẹ̀ níhìn-ín, ó ti dí ọ̀nà mọ́ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà yóò sì tún tì ẹlòmíràn, títí dé ògiri kejì. Ìlọ́po lásán kò lè ka èyí. A ní láti wá ọgbọ́n mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, ẹsẹ̀ méjì ní ìbú, tí kárò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ méjì ní òòró, ẹsẹ̀ kan ní ìbú. A dúró ní ẹnu ọ̀nà. A lè fi kárò kan dábùú láti ògiri dé ògiri, tí yóò gba ẹsẹ̀ kan lára gígùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tàbí kí a na méjì ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, tí wọn yóò gba ẹsẹ̀ méjì. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ kẹta. Nítorí náà, iye ọ̀nà fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni iye ti ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án pọ̀ mọ́ iye ti ẹsẹ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ náà ni fún gígùn yòówù. Ẹsẹ̀ kan ní ọ̀nà 1, ẹsẹ̀ méjì ní 2. Lẹ́yìn náà ni 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, títí dé 89 fún ẹsẹ̀ mẹ́wàá.

Ẹni tí ó bá mọ ìlù ti lè rí i pé ohun kan náà ni kí a fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn kún ìwọ̀n àkókò kan, bí ìró gígùn bá jẹ́ ìlọ́po méjì kúkúrú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn nọ́ńbà náà. Ní Íńdíà, àwọn tí ó ń kọ́ nípa ewì èdè Sánsíkíríìtì fẹ́ mọ iye ìlà ewì tí ó lè wà nínú ìwọ̀n kan, Hemachandra sì kọ òfin náà sílẹ̀ kedere ní nǹkan bí ọdún 1150. Ní 1202, Leonardo ará Písà, ẹni tí a mọ̀ sí Fibonacci, fi nọ́ńbà kan náà sínú ìwé rẹ̀ *Liber Abaci*, nínú ìbéèrè kan nípa bí ehoro ṣe ń bímọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti kọ́ nọ́ńbà àwọn ará Íńdíà: ní ìlú Béjaïa, ní Àlùjẹ́ríà òde òní, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bójú tó ọ̀ràn àwọn oníṣòwò Písà. Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń to àpáàdì ní Ifẹ̀. A kò sọ pé ọ̀kan gbọ́ nípa èkejì. A kàn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó sọ pé ìṣirò àwọn Faransé ni mọ̀ pé Faransé kò sí nínú ìtàn yìí títí di ibi tí a dé.

Bí yàrá bá fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ọgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò tó mọ́. Kódà, kí a tó ka iye ọ̀nà, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ọ̀nà kankan wà rárá. Lórí èyí, Max Black, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ nínú ìwé kan ní 1946, tí a ti fi dán kíláàsì wa wò, tí ó sì gba odindi wákàtí kan lọ́wọ́ wọn. Mú pákó eré tí Faransé ń pè ní échecs, tí ó ní ojú 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, ojú dúdú àti funfun ní ìtẹ̀lẹ́ra. Gé ojú igun kan kúrò, kí o sì gé èyí tí ó wà ní igun òdìkejì rẹ̀. Ó ku ojú 62. Ṣé a lè fi kárò 31 bò ó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ojú méjì? Àwọn ọmọ yàwòrán, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún yà á. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú sọ pé igun méjèèjì tí a gé jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ó parí síbẹ̀: kárò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bo dúdú kan àti funfun kan, ṣùgbọ́n 32 ni ti àwọ̀ kan, 30 ni ti èkejì. Kò ṣeé ṣe láéláé, kò sì sí ẹni tí yóò tún yàwòrán mọ́.

Pákó tí a kò gé ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ojú 2 ní ìbú àti 2 ní òòró, ọ̀nà 2 ni. Ojú 4 sí 4, ọ̀nà 36. Ojú 6 sí 6, ọ̀nà 6,728. Ojú 8 sí 8, ọ̀nà 12,988,816. Bí ẹnìkan bá ń ya ọ̀nà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, yóò lo ju àádọ́jọ ọjọ́ lọ kí ó tó yà wọ́n tán. Kì í ṣe àwọn onímọ̀ ìṣirò ni ìbéèrè yìí kọ́kọ́ ká lára. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni, nítorí pé mólékù oníbejì tí ó lẹ̀ mọ́ ojú ohun líle máa ń gba ààyè méjì gẹ́gẹ́ bí kárò wa. Fowler àti Rushbrooke gbé e kalẹ̀ ní 1937. Ó di 1961 kí ìdáhùn tó dé, ó sì dé láti ibi méjì nígbà kan náà: Piet Kasteleyn ní Họ́láńdì, àti Temperley pẹ̀lú Fisher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún pákó ojú 8, òfin wọn ní kí a ṣe ìlọ́po nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún, tí a fi kòsínù ṣe, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe odidi; síbẹ̀ odidi nọ́ńbà ni ó ń jáde nígbẹ̀yìn. A mọ̀ pé ẹnìkan yóò fò sókè nítorí mẹ́rìndínlógún yẹn, yóò ní ojú odù ni. Kí ó fara balẹ̀: fún pákó ojú 6, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, fún ojú 10, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí a bá sì fi gíga kún un, kí a máa to búlọ́ọ̀kù sínú àpótí dípò kárò sórí ilẹ̀, kò tíì sí ẹni tí ó rí irú òfin bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ibi tí bàbá wa yóò ti yọ̀ ni ibòmíràn. Ní 1992, Noam Elkies, Greg Kuperberg, Michael Larsen àti James Propp tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ilẹ̀ tí etí rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń pè ní dáyámọ́ǹdì Aztec. Èyí tí ó kéré jùlọ ní ìlà méjì, ojú 2 àti 2. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní ìlà mẹ́rin: ojú 2, 4, 4, 2. Ẹ̀kẹta ní 2, 4, 6, 6, 4, 2. Iye ọ̀nà wọn ni 2, 8, 64, lẹ́yìn náà 1,024. Nọ́ńbà ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni gbogbo wọn: bí ẹni pé a ju èso 1, èso 3, èso 6, èso 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣí tàbí dé bí ó ti wù ú. Lórí ilẹ̀ yìí, tí kárò ń tì ara wọn láti etí dé etí, iye náà padà sí ìlọ́po méjì lásán. Bàbá kò jàre lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jàre ju bí a ti rò lọ.

Ó ku oko ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, kò sì sí ọmọ agbègbè wa tí kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Kì í ṣe ní olójú mẹ́rin. Ìgun mẹ́ta ọgbọọgba ni, mítà 9 láàárín ọ̀pẹ kan àti èkejì, tí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan fi ní aládùúgbò mẹ́fà tí wọ́n jìnnà sí i bákan náà. Hẹ́kítà kan gba ọ̀pẹ 143 báyìí. Bí a bá gbìn ín ní olójú mẹ́rin ní mítà 9, 123 péré ni yóò gbà.

Dúró ti ọ̀pẹ kan, kí o wo mẹ́fà tí ó yí i ká. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ onígun mẹ́ta mẹ́fà. So onígun mẹ́ta méjì tí ó ní ìhà kan pọ̀ di ọ̀kan, yóò di olójú mẹ́rin tí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Faransé ń pè ní losange. Ká ní irú ègé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ pín fún ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà pín in. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òbìrí kan kún un, tí ọ̀pẹ di 19, onígun mẹ́ta di 24, losange 12 ni yóò bò ó, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ 20. Fi òbìrí kẹta kún un, ọ̀pẹ 37, losange 27: ọ̀nà 980.

Percy MacMahon ni ó fún wa ní òfin rẹ̀. Ọmọ ológun tí wọ́n bí ní Málítà ní 1854 ni, òun náà sì jẹ́ ọ̀gágun oníbọn-ńlá kí ó tó di onímọ̀ ìṣirò. Ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1915 àti 1916. Kò ronú nípa ilẹ̀ rárá. Àpótí ni ó ń tò sí igun yàrá, tí òkìtì kankan kò gbọdọ̀ ga ju èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kun losange mẹ́ta tí ó kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta ní àwọ̀ mẹ́ta yóò rí i pé àwòrán ilẹ̀ náà di àwòrán àpótí tí a tò jọ. Òfin rẹ̀ rọrùn ju bí ẹ ti lè rò lọ. Fún igun tí ó gba àpótí méjì sí gbogbo ìhà, ààyè mẹ́jọ ni ó wà. Ka ìgbésẹ̀ tí ààyè kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí igun. Èyí tí kò jìnnà rárá fún wa ní 2/1. Àwọn mẹ́ta tí ó jìnnà ní ìgbésẹ̀ kan, 3/2 kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta tí ó jìnnà ní ìgbésẹ̀ méjì, 4/3 kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó jìnnà jùlọ, 5/4. Ṣe ìlọ́po gbogbo wọn: 2 × 27/8 × 64/27 × 5/4, ó di 20. Ní 1989, Guy David àti Carlos Tomei fi àwòrán àpótí yìí kan náà fi ẹ̀rí hàn pé bí a bá to calisson, súìtì Aix-en-Provence tí ó rí bí losange, kún inú àpótí onígun mẹ́fà ọgbọọgba, iye àwọn tí ó kọjú sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ń dọ́gba. Níkẹyìn, Faransé dé inú ìtàn náà, súìtì ni ó sì gbé wọlé.

Ohun tí ó dùn wá nínú gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀ràn ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí a kọ 12,988,816 sí ojú pátákó, kíláàsì kà á ní Faransé láì kọsẹ̀. A ní kí wọ́n kà á ní èdè wa. Gbogbo yàrá dákẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò kọjá ogún. Àwa gan-an, a gbìyànjú, a sì ṣìnà sáàárín ẹgbẹ̀rún àti mílíọ̀nù. A gbé e lọ bá bàbá ní Ahoyéyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò béèrè bébà. Ó béèrè pé ogún ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mélòó ni ó wà nínú rẹ̀, a sì fi ogójì ọ̀kẹ́ àti ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ bá a rò ó títí ó fi kà á jáde: ọ̀kẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹgbàárin, ẹgbẹ̀rin àti mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20,000. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. A kọ ọ́ sí ojú pátákó ní ọjọ́ kejì lábẹ́ ti Faransé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnìkan tó pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin tí ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bọ́ sórí yàrá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé bí gígùn rẹ̀ kò bá pín sí méjì, kò ṣeé tẹ́, nítorí pé iye ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní pín sí méjì. Fún gígùn ẹsẹ̀ méjì, ó rí ọ̀nà 3. Fún mẹ́rin, ó rí 11, ó sì tọ̀nà. Fún mẹ́fà, ó mú 39 wá. Ó ku méjì. A kò tíì sọ fún un ibi tí wọ́n wà.